Ìgbà Tí Iléru Ń Tutù Ni Òdòdó Ń Yọ: Adelaide Robineau àti Glaze Oníkírísítà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ní kí n wá sọ̀rọ̀. Crystalline glaze ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn amọ̀kòkò tó wà láàárín wa mọ̀ ọ́n, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n náà á ti rí i rí lórí fóònù, ìkòkò tó ń dán gbinrin tí òdòdó rìbìtì rìbìtì fẹ̀ sí gbogbo ara ẹ̀, téèyàn á máa rò pé ẹnì kan ló jókòó tó fi bírọ́ọ̀ṣì yà á. Kò sẹ́ni tó yà á o, inú iná ló ti hù. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, Adelaide Alsop Robineau ní ìlú Syracuse lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, torí ojú ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ni mo gbà pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ṣì máa gbà bó pẹ́ bó yá. Ara ohun tí ẹlòmíì mọ ló ti ń ṣe ọnà tẹ́lẹ̀, ó wá kúrò níbẹ̀, ó kọ́ amọ̀, ó kọ́ glaze, ó kọ́ iná, kì í sì í ṣe iná tó ń lọ sókè nìkan, ó kọ́ iná tó ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká ti inú iléru bẹ̀rẹ̀ ná, torí tí ibẹ̀ ò bá yé wa, ohun tójú obìnrin yìí rí ò lè yé wa. Glaze tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ife tíì àti àwo oúnjẹ, gíláàsì ni, gíláàsì tó lẹ̀ mọ́ amọ̀. Silica, ìyẹn yanrìn funfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, òun ló ń di gíláàsì, nǹkan míì á wà níbẹ̀ tó máa jẹ́ kó tètè yọ́, alumina, ohun kan tó wà nínú amọ̀, ló sì máa dì í mú kó má ṣàn kúrò lára ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ kírísítà, ìyẹn òdòdó tó ń hù nínú glaze yẹn, alumina yẹn ló máa kọ́kọ́ yọ, kò ní jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ rárá, á wá kó zinc oxide, ìyẹ̀fun funfun kan, sí i, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀. Á sun ún dé bíi 1,260 sí 1,300 digirì Celsius, gbogbo ẹ̀ á yọ́ pátápátá, zinc yẹn á sì rá sínú ẹ̀, kò ní ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́.

Ibẹ̀ yẹn lọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ti máa ń pa iná, tí wọ́n á lọ sùn. Ti kírísítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á jẹ́ kí ooru já wálẹ̀ kíákíá dé àárín 1,100 sí 1,000 digirì, wọ́n á wá mú un dúró síbẹ̀, wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún nígbà míì, àárín wákàtí yẹn ni zinc àti silica máa pàdé ara wọn, tí wọ́n á máa dì láti ojú kan bọ̀ síta. Ẹ wo àdí àgbọn nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, bó ṣe máa kọ́kọ́ funfun lójú kan péré, tí funfun yẹn á wá máa gbòòrò títí gbogbo ìgò á fi dì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó tutù lọ tààrà, gíláàsì tó ń dán lásán lẹ máa bá lọ́jọ́ kejì, kò ní sí òdòdó kankan. Tẹ́ ẹ bá ti mú iná lọ sókè jù níbẹ̀rẹ̀, gbogbo èso tí kírísítà fi ń hù ló máa yọ́ dànù, tẹ́ ò bá sì mú un lọ sókè tó, èso á pọ̀ jù, wọ́n á fún ara wọn pọ̀, ọ̀kankan ò ní ráyè dàgbà.

Bí ooru tẹ́ ẹ mú dúró ṣe ga tó náà ló máa sọ bí òdòdó ṣe máa rí. Tó bá wà lókè nítòsí 1,100, kírísítà á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn á dà bí orí àáké méjì tí wọ́n fi ẹ̀yìn kọ ara wọn. Tó bá lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ṣí rìbìtì. Ẹlòmíì á mú ooru sókè díẹ̀, á tún mú un wálẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni òrùka kan máa yọ yí òdòdó ká, téèyàn lè fi ojú ka ohun tí iná ṣe ní òru yẹn bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọ̀ náà níbi tó ń lọ. Cobalt máa ń wọ inú kírísítà lọ, òun ló ń jẹ́ kó jẹ́ búlúù, copper ń fún un ní àwọ̀ ewé, nickel ló wá ń yà mí lẹ́nu jù, torí ìkan péré lẹ fi sí i àmọ́ òdòdó á jẹ́ búlúù, ilẹ̀ tó yí i ká á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin.

Ṣé ẹ rántí alumina tá a yọ? Gbèsè ẹ̀ ń bẹ. Glaze yìí ò ní ohun tó dì í mú mọ́, ó máa ṣàn wálẹ̀ lára ìkòkò, á kúrò lẹ́sẹ̀ ìkòkò, á dà sórí pẹpẹ inú iléru, á lẹ̀ pa síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ ìjókòó kékeré sábẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tún fi àwo kan gbé ìjókòó yẹn dúró kó lè gba ohun tó bá ṣàn. Tí wọ́n bá sun ún tán, wọ́n á fọ́ ìjókòó yẹn kúrò nídìí ìkòkò, wọ́n á wá lọ ìdí ẹ̀ títí á fi jọ̀lọ̀. Ibi fífọ́ yẹn gan-an, ìkòkò tó ti la gbogbo iná já lè là sí méjì níbẹ̀. Mi ò mọ apá ibòmíì nínú iṣẹ́ amọ̀ tí ewu ti pọ̀ tó báyìí lẹ́yìn tí iná ti kú.

Sèvres ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìjọba wọn ti ń ṣe tánganran, ìyẹn porcelain, amọ̀ funfun tó kúnná, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí gidi. Kírísítà ti máa ń ṣèèṣì yọ lára iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, àbùkù ni wọ́n sì kà á sí, torí ohun tí wọ́n ń wá ni kí glaze dán láìní àmì kankan. Láàárín ọdún 1880 sókè, àwọn onísáyẹ́ǹsì ibẹ̀, Charles Lauth àti Dutailly, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń fà á. Àwọn ará Copenhagen ní Denmark náà ń ṣe tiwọn, Valdemar Engelhardt ló wá di gbajúmọ̀ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fi máa ṣe ìpàtẹ àgbáyé ní Paris lọ́dún 1900, ohun tí wọ́n ń pè ní àbùkù ti di ohun tí wọ́n ń gbé síwájú àlejò. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, wọ́n ní onísáyẹ́ǹsì, wọ́n ní iléru oníbíríkì tó tóbi débi pé fúnra ẹ̀ kì í tètè tutù. Obìnrin tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí ò ní ìkankan níbẹ̀.

Wọ́n bí Adelaide Alsop ní Middletown, ní Connecticut, lọ́dún 1865. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun níbẹ̀rẹ̀ ni china painting, tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń ṣe nígbà yẹn: wọ́n á ra àwo tánganran funfun tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán, wọ́n á ya òdòdó sí i, wọ́n á fi iná kékeré sun ún kí àwọ̀ lè mú. Ó fi ìwé kọ́ ara ẹ̀, ó di olùkọ́ níbi iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Minnesota, ó tún lọ kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ William Merritt Chase ní New York. Ọdún 1899 ló fẹ́ Samuel Robineau, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya tánganran, Keramic Studio ni wọ́n pè é, Adelaide fúnra ẹ̀ ni olóòtú, ó sì wà nídìí ẹ̀ títí ayé ẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Syracuse lọ́dún 1901.

Ìwé ìròyìn yẹn ń ta, orúkọ ẹ̀ ti délé dóko láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sóhun tó ń lé e. Ẹlòmíì á dúró síbẹ̀. Àmọ́ obìnrin yìí ò fẹ́ máa ya nǹkan sára àwo tí ọwọ́ ẹlòmíì mọ mọ́. Kẹ́ ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó, ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, láwọn ilé iṣẹ́ ìkòkò olórúkọ, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń mọ ọ́n, ọkùnrin ló ń sun ún, obìnrin á gbà á lọ́wọ́ wọn á ṣe ọnà sí i. Robineau ní gbogbo ẹ̀ lòun máa ṣe. Tánganran ló sì mú, kò mú amọ̀ tó rọrùn: tánganran ni amọ̀ tó ń wọ́ nínú iná, tó ń sún kì, tó ń là tó bá ti rí àyè díẹ̀. Ó ní ìdí tó fi dáa fún kírísítà o. Amọ̀ pupa wa tí irin pọ̀ nínú ẹ̀, irin yẹn á wọ inú glaze, á da àwọ̀ ẹ̀ rú, amọ̀ tí yanrìn wúruwùru wà nínú ẹ̀ náà á máa fa èso síbi tẹ́ ò fẹ́. Tánganran funfun, ó kúnná, glaze á ríbi tẹ́jú sí.

Ta ló wá kọ́ ọ? Ọkọ ẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Taxile Doat, ọ̀kan lára àwọn àgbà oníṣẹ́ Sèvres, kọ ohun tó mọ̀ nípa tánganran iná gíga sílẹ̀ lédè Faransé, Samuel túmọ̀ ẹ̀ sí èdè Òyìnbó, wọ́n sì ń gbé e jáde nínú Keramic Studio láti 1903. Ẹ rò ó wò, nínú ìwé ìròyìn tiwọn fúnra wọn ni ẹ̀kọ́ yẹn ti ń jáde, ìyàwó ń kà á bí ọkọ ṣe ń túmọ̀ ẹ̀! Ó tún lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ Charles Binns ní Alfred, ní ìpínlẹ̀ New York níbẹ̀, Binns yìí ti ṣiṣẹ́ ní Worcester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó wá di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní iléèwé amọ̀ tó wà ní Alfred. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ o, kì í ṣọdún. Ìyókù, ilé ló ti kọ́ ọ, Samuel ń bá a dá iná, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀, ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ jáde lóṣooṣù. Nígbà tí ìpàtẹ àgbáyé fi máa bọ́ sí St. Louis lọ́dún 1904, ó ti ní iṣẹ́ oníkírísítà tó gbé lọ síbẹ̀. Ọdún mélòó kan péré ló wà láàárín ìgbà tó ṣì ń ya òdòdó sára àwo tí ọwọ́ ẹlòmíì mọ àti ìgbà yẹn.

Ohun tí mo máa ń rò jù tí mo bá ń ronú nípa ẹ̀ ni iná tó ń bọ̀ wálẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń sun ìkòkò nígbà yẹn ní cone, òpó tíńtín onígun mẹ́ta tí wọ́n fi èlò glaze ṣe. Hermann Seger ló ṣe é ní Jámánì lọ́dún 1886, Edward Orton sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Ohio lọ́dún 1896. Ẹ máa tò ó síwájú ihò iléru, tí ooru bá ti dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́, orí ẹ̀ á tẹ̀. Ó dáa gan-an, a ṣì ń lò ó dòní. Àmọ́ cone tó bá ti tẹ̀ kì í nà padà. Ó máa sọ fún yín pé ooru ti gòkè débi báyìí, tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ kò ní ohunkóhun tó máa sọ fún yín mọ́. Bẹ́ẹ̀ níbi tí ooru ti ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn gan-an ni kírísítà ti ń hù. Lónìí kọ̀ǹpútà kékeré wà lára iléru iná mànàmáná, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ pé 1,080 fún wákàtí mẹ́rin, ó parí. Nígbà tiwọn, ojú lẹ máa fi wo àwọ̀ iná nínú ihò yẹn, bó ṣe ń kúrò ní funfun tó ń bọ̀ sí àwọ̀ ọsàn, ẹ máa mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dá a dúró, ẹ máa mọ bí bíríkì iléru yín ṣe ń di ooru mú. Ọgbọ́n yẹn ò sí nínú ìwé Doat, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, torí iléru kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀.

Lọ́dún 1910 ó lọ sí University City, lẹ́bàá St. Louis, níbi tí Edward Lewis, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ti dá iléèwé ìkòkò sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀. Doat fúnra ẹ̀ ti kúrò ní Faransé wá síbẹ̀, ọkùnrin tó ti ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí ìwé wá wà níwájú ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣe ìkòkò tí ayé mọ̀ ọ́n sí jù, wọ́n ń pè é ní Scarab Vase, ìyẹn ìkòkò yímíyímí. Yímíyímí tá a mọ̀ yìí náà ni, tó ń yí nǹkan ẹ̀ lọ, ó gbẹ́ ẹ sí ara ìkòkò náà àti ìdérí ẹ̀ àti ìjókòó ẹ̀ yíká, orúkọ kejì tó sì fún un ń gbé ẹni tó ń ṣe làálàá ga. Ìkòkò yẹn ga tó 42 sẹ̀ǹtímítà, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé ó gbà á tó wákàtí 1,000. Ara tánganran tó ti gbẹ àmọ́ tí wọn ò tíì sun ló ti ń gbẹ́ ẹ, èyí tó jẹ́ pé tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lé díẹ̀ ó ti fọ́ nìyẹn.

Wọ́n sun ún, ó là nídìí.

Doat wò ó, ó ní kó fi nǹkan dí i, kó kùn ún kó lè bo ojú ẹ̀. Robineau kọ̀. Ó lọ tánganran kúnná, ó fi dí ojú ibi tó là, ó tún fi glaze sí i, ó dá a padà sínú iléru níbi tí gbogbo wákàtí yẹn lè ti ṣòfò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jáde láìsí àpá. Lọ́dún 1911 ìpàtẹ Turin ní Ítálì fún iṣẹ́ àwọn ará University City ní ẹ̀bùn tó ga jù, tiẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ìkòkò yímíyímí yẹn kì í ṣe oníkírísítà, òótọ́ ni, ìdí tí mo sì ṣe mú un wá nìyẹn. Obìnrin tó lè gbẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, tó bá kan ti kírísítà, ó máa ń gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkòkò oníkírísítà ẹ̀ ló jẹ́ ara ẹ̀ lọ geere, èjìká ẹ̀ yípo, kò sí ọnà gbígbẹ́ tó ń bá òdòdó jà. Èmi gbà pé òye ẹ̀ hàn níbẹ̀ ju inú yímíyímí lọ. Mo ń rí iṣẹ́ àwọn kan lóde òní, ìkòkò ní etí mẹ́rin, ó ní ọrùn tó lọ́, wọ́n á tún wá da kírísítà lé e, ojú ò ní mọbi tó máa wò. Glaze yìí ń fẹ́ àyè tó fẹ̀, kó wà ní títẹ́jú tàbí kó yípo díẹ̀, kó má sì ní ìṣẹ́po púpọ̀.

Owó Lewis wọ́ lọ, Robineau padà sí Syracuse, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ó tún gba ẹ̀bùn ní San Francisco lọ́dún 1915, láti 1920 ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Syracuse University. Ó kú ní 1929, ọdún yẹn náà ni Metropolitan Museum ní New York pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ ní ìrántí ẹ̀. Lọ́dún 1932 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ amọ̀ ọdọọdún ní Syracuse ní orúkọ ẹ̀, ìpàtẹ yẹn sì wá gba oníṣẹ́ amọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Mùsíọ́mù ibẹ̀, tó ń jẹ́ Everson báyìí, ibẹ̀ ni yímíyímí yẹn wà.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà, arákùnrin kan béèrè ìbéèrè tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: ṣé a lè ṣe èyí níbi tí iná mànàmáná ò dúró? Kí n kọ́kọ́ sọ pé iṣẹ́ àwọn ìyá wa ní Ìpetumodu àti Òkèlélé ní Ìlọrin ò nílò glaze rárá, iná ìta gbangba ni wọ́n fi ń sun ún, ooru ẹ̀ kì í ga tó èyí tá à ń sọ, kò sì dín iyì ẹ̀ kù. Glaze iná gíga ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́, Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ibùdó ìkòkò ẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Sùlẹ́jà báyìí, láàárín 1951 sí 1952, ibẹ̀ ni Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò, ti ń fi glaze sí ìkòkò tó gbẹ́ ọnà ilé wọn sí. Nítorí náà kì í ṣe pé iná gíga ṣàjèjì sí wa.

Lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ohun tí mo sọ fún un ni pé kó lo gáàsì. Kó ra thermocouple, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru, kò wọ́n tó iléru, òun ló máa sọ fún un bí ooru ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kó wá máa fi kọ́kọ́rọ́ gáàsì dín iná kù títí ooru á fi dúró síbi tó fẹ́. Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣọ́: atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wọ inú iléru yẹn dáadáa. Tí iná bá ń jó pẹ̀lú èéfín, tí atẹ́gùn ò tó, zinc inú glaze máa bá afẹ́fẹ́ lọ, á gba ojú ihò jáde, kírísítà ò ní rí ohun tó máa fi hù. Kó gbé iléru jìnnà sí ibi táwọn èèyàn ń sùn, kó wọ ìbòmú tó bá ń po ìyẹ̀fun, pàápàá tó bá fi manganese, ohun tó ń fún glaze láwọ̀, sí i, torí èéfín manganese ń ba ọpọlọ jẹ́, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ẹ̀.

Ó tún béèrè pé, tí gáàsì bá wá tán láàárín òru ńkọ́, kí kírísítà tó dàgbà? Tó bá tán nígbà tí iná ṣì ń gòkè, kó pààrọ̀ sílíńdà, kó máa bá a lọ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń mú un dúró, òdòdó kéékèèké ló máa bá, ó lè fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sì fẹ́ràn ẹ̀, ìkòkò yẹn ò tíì kú: kó gbé e sórí ìjókòó tuntun, kó fi glaze díẹ̀ kún ibi tó ti ṣàn tán lókè, kó mú un padà lọ sí òkè 1,260 kí gbogbo ẹ̀ tún yọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn látìbẹ̀rẹ̀.